Àgbà Kì í Wà Lọ́jà: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Ọmọ Onílé-Onílẹ̀ Kánádà

(Ọ̀rọ̀ àsọyé níbi ìpàdé àwọn ọmọ Yorùbá ní Winnipeg, ìpínlẹ̀ Manitoba)

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ kú òtútù o. Ẹni tó la yìnyín òní kọjá wá gbọ́ ọ̀rọ̀, kò yẹ kó padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Àlejò tó bá wọ̀lú, ó yẹ kó kí onílùú. Ilẹ̀ tí a jókòó sí yìí, ilẹ̀ àwọn Anishinaabe, àwọn Cree àti àwọn Dakota ni. Ilé àwọn Métis ni pẹ̀lú. Àdéhùn tí wọ́n ń pè ní Treaty 1, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1871, ló ṣílẹ̀kùn tí ẹlòmíràn fi lè máa gbé ibí. Àwọn wọ̀nyí, tí ilẹ̀ jẹ́ tiwọn, ni mò ń pè ní onílé-onílẹ̀. Mo kí wọn. Ọ̀rọ̀ ọmọ wọn ni mo sì bá wá.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Ta ló wà nínú gbọ̀ngàn yìí tí wọn kò tíì sọ fún pé, “Rọra o, ibí kì í ṣe Nàìjíríà, bí o bá jágbe mọ́ ọmọ, wọ́n á wá gbà á lọ́wọ́ rẹ”? Gbogbo wa la gbọ́ ọ. A ò tíì tú ẹrù tán tí wọ́n ti sọ ọ́ fún wa. Tíṣà á bi ọmọ pé kí ló jẹ láàárọ̀, ìyá ọmọ ò sì ní lè sùn mọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ má gbàgbé ìbẹ̀rù yẹn bí mo ti ń sọ̀rọ̀ lọ. Ohun tí àwa ń bẹ̀rù, ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn onílé-onílẹ̀ láti ìran dé ìran.

Ìkànìyàn ọdún 2021 sọ ọ́ kedere. Nínú gbogbo ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 ní Kánádà, ìdá 7.7 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọmọ onílé-onílẹ̀. Nínú àwọn ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ alágbàtọ́, ìdá 53.8 ni wọ́n. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Wọn ò tó ọmọ kan nínú mẹ́wàá, síbẹ̀ wọ́n ju ìdajì lọ nínú àwọn tí wọ́n mú kúrò nílé. Ní Manitoba tiwa níbí ńkọ́? Nínú ọmọ mẹ́wàá tó wà lábẹ́ àkóso ìjọba, bíi mẹ́sàn-án ni tiwọn.

Ṣé wọn ò fẹ́ràn ọmọ ni? Ṣé wọn ò mọ ọmọ tọ́ ni? Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Ohun tí mo wá sọ kò ju ẹyọ kan lọ: fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó tó yẹ kó gbé ilé ró, ìjọba kò fún wọn tó, owó tó ń kó ọmọ jáde nílé, ìjọba ń san án láìjanpata. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣẹ̀ wá.

Ìkíní: Bọ́dìn tí kò ní aago méjì

Bí mo bá sọ̀rọ̀ àwọn bọ́dìn tí wọ́n kó ọmọ onílé-onílẹ̀ lọ, ẹ̀yin tí bàbá yín àgbà lọ iléèwé míṣọ́n máa ń bi mí pé, “Kí ló burú nínú kí ọmọ lọ bọ́dìn? Ṣebí àwọn míṣọ́nárì náà ló kọ́ wa níwèé.” Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ ká dá a lóhùn dáadáa.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ Yorùbá, Samuel Ajayi Crowther, ló ṣáájú iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. A-B-D ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ àwọn bàbá wa. Lóòótọ́, ó dé àsìkò kan tí wọ́n ń na ọmọ tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì, tí wọ́n sì ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí wọ́n nà wà níbí, mo rí ẹ̀rín lẹ́nu yín. Ṣùgbọ́n bí aago méjì bá ti lù, ibo là ń lọ? Ilé. Ta là ń bá nílé? Ìyá. Èdè wo ni ìyá fi ń béèrè pé ṣé o ti jẹun?

Àwọn ọmọ ibí kò ní aago méjì yẹn.

Láti bí ọdún 1880 sókè títí di nǹkan bí 1997, ọmọ onílé-onílẹ̀ tó ju 150,000 lọ ni wọ́n kó kúrò nílé lọ sí àwọn iléèwé bọ́dìn tí wọ́n ń pè ní residential schools. Ìjọba ń sanwó, ìjọ Ọlọ́run ń darí. Ní 1920 òfin dé tó sọ ọ́ di dandan, òbí tó bá kọ̀, ìyà ń bẹ fún un. Wọ́n gé irun wọn. Wọ́n bọ́ aṣọ wọn. Wọ́n fún wọn ní nọ́ńbà. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn wọ̀nyí, ìwé ìforúkọsílẹ̀ iléèwé ni wọ́n wò.

Ẹ ti rí ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí àwọn ọmọ wa ń wọ̀ lọ síléèwé ní 30 September láti fi rántí àwọn ọmọ wọ̀nyí. Phyllis Webstad ló ni ìtàn yẹn. Ní 1973, ọmọ ọdún mẹ́fà ni, ìyá rẹ̀ àgbà ra ẹ̀wù tuntun fún un nítorí pé ó ń lọ síléèwé, ní St. Joseph's Mission nítòsí Williams Lake. Ọjọ́ tó débẹ̀ ni wọ́n bọ́ ẹ̀wù náà lọ́rùn rẹ̀, wọn kò sì dá a padà. Ọdún 1973 o! Àwọn kan nínú yín ti wà ní pámárì nígbà yẹn.

Àwọn kan á ní, “Àwọn ará ìgbà yẹn kò mọ̀ pé kò dáa.” Wọ́n mọ̀. Dókítà Peter Bryce, òṣìṣẹ́ ìjọba fúnra rẹ̀, ṣàyẹ̀wò àwọn iléèwé náà ní 1907. Ó rí i pé nínú àwọn ọmọ tí wọ́n jíyìn wọn fún un, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹnì kan nínú mẹ́rin tó ti kú, ikọ́ ẹ̀gbẹ ló sì pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ó ní kí wọ́n tún ilé ṣe, kí afẹ́fẹ́ máa wọlé, kí dókítà máa bójú tó wọn. Wọn kò dá a lóhùn. Ní 1922, lẹ́yìn tí wọ́n ti mú un fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó tẹ gbogbo rẹ̀ jáde kí ará ìlú lè kà á. Nítorí náà, ẹni tó bá tún sọ fún yín pé wọn kò mọ̀, ẹ dárúkọ Bryce fún un.

Adájọ́ Murray Sinclair, ọmọ Anishinaabe láti Manitoba níbí, ló ṣe alága ìgbìmọ̀ òtítọ́ àti ìlàjà tó tú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí síta. Nígbà tí wọ́n parí ní 2015, wọ́n gbé ìpè 94 síwájú ìjọba. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n fi ṣáájú. Kì í ṣe iléèwé, kì í ṣe èdè, kì í ṣe ère àfisọrí. Ìpè márùn-ún àkọ́kọ́, lórí àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ òbí lónìí ni.

Ìkejì: Sóṣà wọ́kà dé

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. Ní 1951 ìjọba tún òfin ṣe, ó wá ṣeé ṣe fún àwọn ìpínlẹ̀ láti wọ rìsáàfù, ìyẹn ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn onílé-onílẹ̀, kí wọ́n sì kó ọmọ níbẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn sí bí ọdún 1980-ó-lé, ọmọ bíi 20,000 ló kúrò nílé bàbá wọn lọ sílé òyìnbó. Wọ́n gbé àwọn kan ré kọjá ààlà lọ sí Amẹ́ríkà. Níbí ni adájọ́ kan, Edwin Kimelman, ti ka àwọn fáìlì náà, tó sì sọ pé pípa àṣà run ni. Ìjọba Manitoba dá fífi ọmọ ránṣẹ́ sẹ́yìn ìpínlẹ̀ dúró ní 1982.

Àwọn òbí wa tó kàwé ní London láyé ọjọ́un mọ díẹ̀ nínú oró yìí. Wọ́n fi ọmọ sọ́dọ̀ ìyá òyìnbó ní Kent àti Sussex kí wọ́n lè ráyè ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì kàwé. Nígbà tí wọ́n lọ mú ọmọ padà, òmíràn kò gbọ́ Yorùbá, òmíràn ń sunkún pé wọ́n ń mú òun kúrò lọ́dọ̀ ìyá òun. Àwọn òbí wa ló fọwọ́ ara wọn fi ọmọ síbẹ̀, wọ́n mọ àdírẹ́sì, wọ́n ń lọ wò ó. Síbẹ̀, àwọn ọmọ ìgbà yẹn ti dàgbà, ó ṣì ń dùn wọ́n. Ẹ wá fojú inú wo ìyá tí kò fọwọ́ sí i, tí kò mọ orílẹ̀-èdè tí ọmọ rẹ̀ wà.

Ìkẹta: Jordan

Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé mi wá, ẹ bá mi fara balẹ̀.

Jordan River Anderson, ọmọ Cree ni, láti Norway House ní àríwá ìpínlẹ̀ yìí. 1999 ni wọ́n bí i, pẹ̀lú àìsàn tó le. Ilé ìwòsàn ní Winnipeg níbí ló ń gbé. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjì, àwọn dókítà sọ pé ara rẹ̀ ti yá tó láti kúrò ní wọ́ọ̀dù, kó máa gbé nínú ilé bí ọmọ ènìyàn, bí wọ́n bá ti lè ṣètò ìtọ́jú rẹ̀ síbẹ̀.

Ta ni yóò sanwó ìtọ́jú? Ìjọba àpapọ̀ ní ìpínlẹ̀ ni. Ìpínlẹ̀ ní ọmọ rìsáàfù ni, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín. Wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n ṣèpàdé. Wọ́n ń jiyàn lórí nǹkan kọ̀ọ̀kan tí ọmọ náà máa lò, títí kan ẹnu ẹ̀rọ ìwẹ̀. Ẹnu ẹ̀rọ ìwẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi! Oṣù ń gorí oṣù, ó di ọdún, ó di ọdún méjì. Ọmọ tó jẹ́ pé àdúgbò wa níbí ni wọ́n bí i sí, ìpínlẹ̀ á sanwó, ó parí. Nítorí pé ọmọ rìsáàfù ni Jordan, wọ́n fi í sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù kí àgbà lè rí ààyè jà. Bí erin méjì bá ń jà, ṣebí koríko abẹ́ wọn ni.

Ní 2005 Jordan kú nílé ìwòsàn. Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Kò sùn nílé lálẹ́ ọjọ́ kan rí láyé.

Kí ni ẹ rò pé ìyá rẹ̀ ṣe tí wọ́n fi fi ìyà yẹn jẹ ẹ́? Ṣé ó pa ọmọ tì ni? Ṣé ó mutí ni? Kò sí ọ̀kan tó kan ọ̀rọ̀ náà. Ilé tí yóò gbà á ń dúró dè é.

Orúkọ ọmọ yìí ni wọ́n fi pe Ìlànà Jordan. Ó rọrùn gan-an: ìjọba tí ọ̀rọ̀ ọmọ bá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kó sanwó, kí ọmọ rí ìtọ́jú lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà kí àwọn àgbà máa bá ara wọn ṣírò. Ní 12 December 2007, gbogbo ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ottawa fọwọ́ sí i, kò sẹ́ni tó ta kò ó. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Nígbà tó délẹ̀ láti ṣe é, ìjọba fún ìlànà náà ní ìtumọ̀ tó tóóró débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọmọ tó lè gba ibẹ̀ kọjá.

Ìkẹrin: Ta ló pa ta tì?

Cindy Blackstock, ọmọ Gitxsan láti British Columbia, ti ṣe sóṣà wọ́kà lábẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ ṣiṣẹ́ fún àwọn Squamish nítòsí Vancouver. Iṣẹ́ kan náà, ìlú kan náà. Ohun tó lè fún ìdílé nígbà tó wà lọ́dọ̀ ìpínlẹ̀, kò rí i fún ìdílé ní rìsáàfù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí owó náà ṣe ń rìn nígbà yẹn. Ẹ mú ìyá kan, ẹ fún un lórúkọ tó bá wù yín. Ọmọ mẹ́ta ni. Òrùlé ń jò, ara ògiri ti hu ewú, inú yàrá méjì ni ènìyàn mẹ́sàn-án ń gbé, omi ẹ̀rọ kò ṣeé mu láìsè. Sóṣà wọ́kà wọlé, ó wò yíká, àánú ṣe é. Ó fẹ́ bá wọn tún òrùlé ṣe, ó fẹ́ wá ẹni tí yóò máa ran ìyá lọ́wọ́. Ó ṣí ìwé owó tí ìjọba àpapọ̀ fi ránṣẹ́. Owó ìrànlọ́wọ́ fún ilé, díẹ̀ bíńtín, ó ti tán. Ṣùgbọ́n bó bá kó àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde lọ sọ́dọ̀ alágbàtọ́, iye yòówù tó bá ná wọn, ìjọba á san án padà. Iye yòówù!

Kí ni ẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀?

Wọ́n á wá kọ ọ́ sínú fáìlì pé ìyá náà pa ọmọ tì. Mo bi yín, ta ló pa ta tì? Ìyá tí òrùlé ń jò lé lórí ni, àbí ẹni tí owó òrùlé wà lọ́wọ́ rẹ̀? Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ onílé-onílẹ̀ tí wọ́n ń mú, kì í ṣe pé ẹnì kan lù wọ́n. Òṣì ni, ilé tí kò dáa ni, àti ọgbẹ́ ọkàn tí àwọn bọ́dìn yẹn fi sílẹ̀ tí òmíràn ń fi ọtí pa.

Ní February 2007, ẹgbẹ́ tí Blackstock ń darí àti Assembly of First Nations, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń ṣojú àwọn onílé-onílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní First Nations, gbé ìjọba Kánádà lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbẹ́jọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ìjọba gbìyànjú kí wọ́n da ẹjọ́ náà nù kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Wọ́n ń ṣọ́ obìnrin yìí kiri; ní 2013, kọmíṣọ́nà tó ń rí sí àṣírí ará ìlú sọ pé ilé-iṣẹ́ ìjọba méjì ti kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí Facebook lọ́nà tí kò tọ́. Kò ṣíwọ́. Àwọn ọmọ iléèwé ń wá jókòó nílé ẹjọ́, wọ́n ń fetí sílẹ̀, wọ́n gbé bẹ́à ìṣeré kan wá tí wọ́n sọ ní Spirit Bear, ó ń jókòó tì wọ́n.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ní 26 January 2016 ìdájọ́ jáde: ìjọba Kánádà ń fi ojúsàájú rẹ́ àwọn ọmọ First Nations jẹ, ó ń fún wọn lówó tí kò tó, ètò owó náà fúnra rẹ̀ sì ń ti àwọn òṣìṣẹ́ láti máa kó ọmọ jáde nílé. Ìgbìmọ̀ náà pàṣẹ pé kí wọ́n tún Ìlànà Jordan ṣe bó ti yẹ kó rí. Ìjọba fà á, wọ́n tún pàṣẹ, ó tún fà á. Ní 2019 wọ́n ní kí wọ́n san 40,000 dọ́là fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ọ̀rọ̀ kàn. Ní October 2023 ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí owó gbà-má-bínú tó lé ní bílíọ̀nù 23 dọ́là. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Òrùlé mélòó ni owó yẹn ì bá ti kàn? Ìyá mélòó ni kì bá tí sunkún?

Nítorí Ìlànà Jordan, àwọn ọmọ kan ti rí kẹ̀kẹ́ arọ gbà lónìí, àwọn kan rí ẹni tó ń kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ sísọ. Wọ́n kúrò lórí ìlà ìdúró. Ọmọ tó kú ló ṣe é fún wọn.

Ìkarùn-ún: Àwọn tó lọ mú ọmọ wọn

Ẹ má rò pé wọ́n jókòó kí ẹlòmíràn gbà wọ́n là. Ní 1980, àwọn Splatsin, ẹ̀yà onílé-onílẹ̀ kan ní British Columbia, rí i pé ọmọ ń tán nílùú. Olóyè wọn, Wayne Christian, wọ́n gbé òun náà kúrò nílé nígbà tó wà lọ́mọdé. Ìlú jókòó, wọ́n ṣe òfin tiwọn: ọ̀rọ̀ ọmọ wa, àwa la ó máa dá a. Wọ́n kó ara wọn jọ pẹ̀lú àwọn ẹ̀yà mìíràn, wọ́n rìn láti ìlú dé ìlú títí wọ́n fi dé Vancouver, ọ̀dọ̀ mínísítà fúnra rẹ̀. Òfin yẹn dúró.

Ó gba ogójì ọdún kí gbogbo orílẹ̀-èdè tó bá wọn débẹ̀. Ní 1 January 2020, òfin àpapọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó gbà pé àwọn onílé-onílẹ̀ lè ṣòfin lórí ọmọ ara wọn, tó sì sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ọmọ kúrò nílé nítorí òṣì nìkan. Québec gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ní 9 February 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé òfin náà dúró ṣinṣin. Àwọn Cowessess, ẹ̀yà onílé-onílẹ̀ kan ní Saskatchewan, ti gba àkóso ọmọ wọn láti 2021. Ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í tọ́ ọ: wọ́n mọ̀ ọ́n bí àwa náà ṣe mọ̀ ọ́n. Àwọn igba ojú náà wà ńbẹ̀, owó ni wọn kò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ìkẹfà: Àwa ńkọ́?

Ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n kó àwọn ọmọ wọ̀nyí sí, ẹ gbé ọwọ́ sókè. Ẹ̀yin alágbàtọ́ náà, ẹ gbé e sókè. Ẹ wo ẹ̀yìn yín. Ẹ rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn là ń sọ. Nínú owó tí a fi ń san ilé, tí a fi ń ránṣẹ́ sí Ìbàdàn àti Òṣogbo, èyí tó ti ibẹ̀ wá kò kéré. Mi ò sọ pé kí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ rere ni bí a bá ṣe é rere. Àmọ́ àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́.

Bí ẹ bá ń kọ ìròyìn ojúmọ́, ẹ kọ ohun tí ilé ṣaláìní. Bí òrùlé bá ń jò, ẹ kọ “òrùlé ń jò”. Ẹ má kọ “ìyá kò bìkítà”. Fáìlì yẹn ni adájọ́ máa kà.

Bí ọmọ onílé-onílẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ mú un lọ wo ìyá rẹ̀ àgbà ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n dá. Mo mọ̀ pé ọ̀nà jìn, mo mọ̀ pé yìnyín wà. Ẹ lọ. Bó bá fẹ́ jó níbi powwow wọn, ẹ jẹ́ kó jó. Ẹ má sọ pé òrìṣà ni. Ẹni tó wá bá wa láyé ọjọ́un sọ ohun kan náà sí ìlù wa. Ẹ má sì gé irun rẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì wa ní wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí: láti 1 July 2020 ni Manitoba ti fòpin sí ìkìlọ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé ìwòsàn kí aboyún tó bí, tí wọ́n fi ń gba ìkókó lọ́wọ́ ìyá. Ojú tí a fi ń wo ìyá Cree nígbà tó ń rọbí, ṣé òun náà ti yí padà? Ẹ̀yin lẹ mọ̀. Bí ẹ bá rí i tí ẹnikẹ́ni ń sọ̀rọ̀ sí i láìtọ́, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ dá sí i, torí ẹ̀yin lẹ wà ńbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti di ọmọ onílùú tí ẹ sì ń dìbò, ẹni tó bá wá kan ilẹ̀kùn yín, ẹ bi í pé kí ló fẹ́ ṣe sí owó ìdílé ní rìsáàfù. Ní 14 February lọ́dọọdún, àwọn ọmọ iléèwé káàkiri Kánádà ń kọ lẹ́tà sí olórí ìjọba lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ First Nations. Ìwé àti báírò wà lórí tábìlì lẹ́yìn yẹn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa kọ tiwọn kí a tó túká. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ ọ́ ní Yorùbá, mo ti wá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀.

Ẹ ṣeun, mo dúpẹ́. Mo rí ọwọ́ bàbá níwájú níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ béèrè.